Orí Kẹfà: Èdè Ojú Kọ̀ǹpútà Níbi Iṣẹ́

Kọ̀ǹpútà méjì tó ní sọ́fítíwíà kan náà lè máa sọ èdè méjì. Ẹnìkan ṣí Excel ní Ìkẹjà, ohun tó rí lókè ni File, Home, Insert àti Data. Ẹlòmíràn ṣí Excel kan náà ní Àjàṣẹ́, ìlú tí ìwé ìjọba ń pè ní Porto-Novo, ó rí Fichier, Accueil, Insertion àti Données. Ibi tí àwọn bọ́tìnnì wà kò yàtọ̀, iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe kò sì yàtọ̀. Orúkọ tí wọ́n kọ sára wọn nìkan ló yí. Èdè tí sọ́fítíwíà fi ń bá ẹni tó ń lò ó sọ̀rọ̀ báyìí ni a ó máa pè ní èdè ojú kọ̀ǹpútà nínú orí yìí: èdè orí bọ́tìnnì, èdè ìkìlọ̀, èdè ọ̀rọ̀ tó ń jáde nígbà tí nǹkan bá dojú rú.

Nígbà tí àwọn tó wà níbi ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ bá jọ ń ṣe iṣẹ́ kan, ó yẹ kí ojú kọ̀ǹpútà wọn máa pe nǹkan kan náà ní orúkọ kan náà. Nínú ọ̀pọ̀ iṣẹ́ tó so Nàìjíríà pọ̀ mọ́ ilẹ̀ mìíràn, Gẹ̀ẹ́sì ni orúkọ yẹn máa ń jẹ́, ohun tí a sì fẹ́ kọ́ níbí ni bí a ṣe ń yí ojú kọ̀ǹpútà sí i láì ba nǹkan mìíràn jẹ́. Ojú nìkan ni à ń sọ o. Kò kan kíbọ́ọ̀dù, kò kan bí a ṣe ń kọ ọjọ́ àti owó, kò sì kan èdè tí a fi ń kọ lẹ́tà. Ẹni tó bá yí gbogbo rẹ̀ pọ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo á fi ọwọ́ ara rẹ̀ da iṣẹ́ ara rẹ̀ rú.

Ohun mẹ́rin tí kò yẹ ká dà pọ̀

Èkíní ni èdè ojú fúnra rẹ̀, a sì ti ṣàlàyé rẹ̀ tán.

Èkejì ni kíbọ́ọ̀dù. Kíbọ́ọ̀dù AZERTY ni wọ́n ń lò ní orílẹ̀-èdè Benin àti ní Togo: ibi tí Q wà lórí kíbọ́ọ̀dù Èkó, A ló wà níbẹ̀. Lórí kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀ tó ti Jámánì wá, Z àti Y ló gba ipò ara wọn. Bí ẹ bá fi èdè Gẹ̀ẹ́sì kún Windows, ó sábà máa ń fi kíbọ́ọ̀dù Gẹ̀ẹ́sì kún un láì sọ fún ẹnikẹ́ni. Lọ́jọ́ kejì òṣìṣẹ́ tẹ A, Q jáde. Ó tẹ ọ̀rọ̀ ìgbaniwọlé rẹ̀, kọ̀ǹpútà ní kì í ṣe òun nìyẹn, bẹ́ẹ̀ ìka rẹ̀ kò ṣe ohun tó yàtọ̀ sí ti àná. Kò sẹ́ni tó jí ọ̀rọ̀ ìgbaniwọlé rẹ̀. Kíbọ́ọ̀dù ló yí mọ́ ọn lọ́wọ́. Kó tẹ bọ́tìnnì Windows pọ̀ mọ́ bọ́tìnnì gígùn ìsàlẹ̀ tí a fi ń fi àlàfo sáàárín ọ̀rọ̀, kíbọ́ọ̀dù á padà sí ti tẹ́lẹ̀. Lẹ́yìn náà kó lọ yọ èyí tí kò nílò kúrò.

Ẹ̀kẹta ni ètò agbègbè, ìyẹn bí kọ̀ǹpútà ṣe ń ka nọ́mbà, ọjọ́ àti owó. Níbí ni ewu tó tóbi jù wà, nítorí pé kì í pariwo. Akọ̀wé kan ní Èkó kọ 1,500, ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀jọ ló ní lọ́kàn. Kọ̀ǹpútà tó wà lórí ètò Faransé ka nọ́mbà kan náà sí ọ̀kan àbọ̀, nítorí kọ́mà ni Faransé fi ń ya odindi nọ́mbà kúrò lára ìdá rẹ̀. Àlàfo ló fi ń ya ẹgbẹ̀rún sọ́tọ̀. Bí ọ̀rọ̀ ọjọ́ náà ṣe rí nìyẹn. Bí a bá kọ 04/03/2025, ọjọ́ kẹrin oṣù kẹta ni ní Èkó, òun náà ni ní Àjàṣẹ́. Lórí ètò Amẹ́ríkà, ọjọ́ kẹta oṣù kẹrin ni. Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ Gẹ̀ẹ́sì lójú kọ̀ǹpútà rẹ̀ kò gbọdọ̀ jẹ́ kí ètò agbègbè Amẹ́ríkà tẹ̀ lé e wọlé. Ẹni tó wà ní Nàìjíríà mú ètò Nàìjíríà, ẹni tó wà ní Benin sì di ètò Benin rẹ̀ mú. Nínú ìwé tó ń kọjá láti ilẹ̀ kan sí èkejì, mo rọ̀ yín kí ẹ máa kọ ọjọ́ bí ìlànà ISO 8601 ṣe là á sílẹ̀ láti 1988: ọdún ṣíwájú, oṣù tẹ̀ lé e, ọjọ́ gbẹ̀yìn, 2025-03-04. Kò sẹ́ni tó lè ṣì í kà.

Ẹ̀kẹrin ni èdè àyẹ̀wò àkọtọ́. Ìlà pupa tí Word ń fà sábẹ́ ọ̀rọ̀ kò ní í ṣe pẹ̀lú èdè ojú. Ojú Word lè wà ní Gẹ̀ẹ́sì kí lẹ́tà inú rẹ̀ jẹ́ Yorùbá tàbí Faransé. Ohun tó yẹ ni kí ẹ sàmì sí ìpínrọ̀ náà, kí ẹ lọ sí Review, Language, Set Proofing Language, kí ẹ sì sọ èdè tó jẹ́ fún un. Bí ẹ kò bá sọ ọ́, Word á máa fi ojú Gẹ̀ẹ́sì wo Yorùbá, á sì máa tún ọ̀rọ̀ tó tọ̀nà ṣe sí ọ̀rọ̀ tí ẹ kò ní lọ́kàn.

Ìpè kan láàárín Èkó àti Àjàṣẹ́

Ẹ jẹ́ ká wo ilé-iṣẹ́ kan tó ń kó ọjà gba Sẹ̀mẹ̀ kọjá. Olùṣirò owó wà ní Èkó, ẹni tó ń ṣọ́ ilé ìkẹ́rùsí wà ní Àjàṣẹ́. Yorùbá ni àwọn méjèèjì fi ń sọ̀rọ̀ lórí fóònù, wọn kò sì nílò ògbufọ̀ kankan. Àṣejù ni kéèyàn rò pé ìṣòro èdè lè wà láàárín wọn, àfi ìgbà tí wọ́n bá kọjú sí kọ̀ǹpútà.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, Àǹtí. Fáìlì tí ẹ fi ránṣẹ́ ti dé, ṣùgbọ́n gbogbo rẹ̀ ló kó jọ sínú òpó kan ṣoṣo."

"Kò le rárá. Lọ sí Data, kí o tẹ Text to Columns."

"Kò sí èyí tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ níbí mà. Données ni mo rí. Nínú rẹ̀ mo rí Convertir, mo tún rí Supprimer les doublons."

"Supprimer? Èwo nìyẹn? Má tíì tẹ nǹkan kan o."

"Ó ní òun máa yọ nǹkan kúrò mà."

"Háà, fi ìyẹn sílẹ̀! Kí ni ìkíní yẹn ń jẹ́? Báwo ni àwòrán ara rẹ̀ ṣe rí?"

Convertir gan-an ni Text to Columns, Supprimer les doublons sì ni Remove Duplicates. Bí ọ̀dọ́kùnrin yẹn bá fi ìkánjú tẹ èyí tí kò yẹ, àwọn ìlà kan nínú àkọsílẹ̀ ọjà lè pòórá, kó sì pẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó fura. Iṣẹ́ tí kò yẹ kó gbà ju ìṣẹ́jú kan lọ ti di ìbéèrè lórí ìbéèrè, ojú ń ti àbúrò, àárẹ̀ ń mú ẹ̀gbọ́n. Èdè tí wọ́n fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ kò ní àbùkù kankan. Ojú kọ̀ǹpútà wọn ni kò fẹnu kò.

Àwọn kan máa ń sọ pé kí àbúrò yẹn kúkú kọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Mi ò fara mọ́ ọn. Kíkọ́ èdè dára, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ oṣù ló ń gbà. Yíyí ojú Excel sí Gẹ̀ẹ́sì kì í gba ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ, ọ̀rọ̀ tó sì yẹ kó mọ̀ lórí bọ́tìnnì kò pọ̀. Olùṣirò owó náà lè yí tirẹ̀ sí Faransé pẹ̀lú, bó bá jẹ́ pé Àjàṣẹ́ ni olú ilé-iṣẹ́ wọn. Ohun tó ṣe pàtàkì ni kí wọ́n fẹnu kò sórí ọ̀kan. A mú Gẹ̀ẹ́sì nínú orí yìí nítorí òun ni ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ ní Nàìjíríà fi ń kọ ìtọ́sọ́nà iṣẹ́ wọn, àti nítorí pé nínú sọ́fítíwíà púpọ̀, Gẹ̀ẹ́sì ni èdè tí wọ́n kọ́kọ́ fi ṣe é kí wọ́n tó túmọ̀ rẹ̀ sí èdè yòókù.

Fọ́múlà: ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń díjú

Bọ́tìnnì ní àwòrán lára, ẹni tó bá ṣe sùúrù á rí i. Fọ́múlà Excel kò ní àwòrán. Orúkọ fọ́múlà máa ń yí bí èdè Excel bá yí. SUM ti Gẹ̀ẹ́sì ni SOMME ní Faransé àti SUMME ní Jámánì. IF ni SI ní Faransé, WENN ní Jámánì. VLOOKUP tí gbogbo olùṣirò owó fẹ́ràn ni RECHERCHEV ní Faransé, SVERWEIS ní Jámánì.

Bí a bá fi odindi fáìlì ránṣẹ́, kò séwu, nítorí Gẹ̀ẹ́sì ni Excel fi ń pa fọ́múlà mọ́ sínú fáìlì rẹ̀ láìka èdè ojú sí. Ẹni tó wà ní Àjàṣẹ́ á ṣí i, á rí SOMME. Ó fi pamọ́, ó dá a padà, Àǹtí ní Èkó á rí SUM. Wàhálà dé nígbà tí a bá kọ fọ́múlà bí ọ̀rọ̀ lásán sínú íméèlì tàbí WhatsApp, bẹ́ẹ̀ ohun tí à ń ṣe lójoojúmọ́ nìyẹn. Ká ní Àǹtí fi èyí ránṣẹ́:

=VLOOKUP(A2,Iye!A:C,3,FALSE)

Ẹ jẹ́ ká tẹ̀ lé ọwọ́ ẹni tó gbà á. Ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ Excel bó ṣe wà. Excel kọ̀ ọ́, ó ní fọ́múlà náà kò tọ́. Ìdí ni pé lórí ètò Faransé, sẹ́míkólọ̀n ló ń ya ohun tó wà nínú àkámọ́ sọ́tọ̀. Kọ́mà ti níṣẹ́ mìíràn tó ń ṣe nínú nọ́mbà. Ó fi sẹ́míkólọ̀n rọ́pò kọ́mà. Ó wọlé báyìí, ṣùgbọ́n #NOM? ló jáde, èyí tí Gẹ̀ẹ́sì ń kọ ní #NAME?, nítorí Excel rẹ̀ kò mọ ẹni tó ń jẹ́ VLOOKUP. Ó yí orúkọ sí RECHERCHEV. #NOM? kò kúrò. FALSE tó wà nípẹ̀kun ló kù, òun náà ní láti di FAUX. Ìgbà tó kọ ọ́ báyìí ló tó ṣiṣẹ́:

=RECHERCHEV(A2;Iye!A:C;3;FAUX)

Bó bá wá yí èdè ojú Office rẹ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì ńkọ́? VLOOKUP àti FALSE á ṣiṣẹ́ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Sẹ́míkólọ̀n kò ní í kúrò, torí ètò agbègbè ló ni ín, èdè ojú kọ́. Ohun tí yóò máa kọ ni =VLOOKUP(A2;Iye!A:C;3;FALSE). Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá lóye gbólóhùn kan yìí ti lóye ìdajì orí yìí: orúkọ ń tẹ̀lé èdè ojú, kọ́mà ń tẹ̀lé agbègbè. Ẹ má ṣe wá yí ètò agbègbè Benin sí ti Nàìjíríà nítorí kọ́mà nìkan o. Gbogbo iye owó sẹ́fà tó wà nínú ìwé ìṣirò ibẹ̀ ló ń dúró dè é.

Ìdí kan náà ló fà á tí fáìlì inú ìpè wa fi kó jọ sínú òpó kan. Fáìlì CSV kò ju ọ̀rọ̀ àti àmì lọ. Èyí tó jáde láti Èkó fi kọ́mà ya òpó, Excel tó wà lórí ètò Faransé sì ń wá sẹ́míkólọ̀n. Kò rí i, ló bá da gbogbo rẹ̀ sójú kan. Yíyí èdè ojú kò lè wo ìyẹn sàn. Fáìlì Excel gan-an ló yẹ kí wọ́n máa fi ránṣẹ́ síra wọn.

Fọ́múlà kan wà tó máa ń tan àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n pàápàá. Bí Àǹtí bá kọ =TEXT(B2,"yyyy-mm-dd"), tó sì fi odindi fáìlì ránṣẹ́, Excel Àjàṣẹ́ á yí TEXT sí TEXTE, ṣùgbọ́n kò ní í fọwọ́ kan ohun tó wà láàárín àmì àyọlò. Lórí ètò Faransé, "aaaa-mm-jj" ló yẹ kó wà níbẹ̀, nítorí àwọn lẹ́tà ọjọ́ náà ń tẹ̀lé agbègbè. Àtúnṣe tó rọrùn jù ni kí a má fi TEXT gbé ọjọ́ jáde nínú fáìlì tó ń rìnrìn àjò. Ká fi ọjọ́ sílẹ̀ bí ọjọ́, ká sì ti ètò àpótí rẹ̀ yan bí yóò ṣe hàn.

Microsoft fúnra rẹ̀ ti kọ́ ẹ̀kọ́ yìí. Nínú Excel 5 tó jáde ní 1993, wọ́n túmọ̀ èdè tí a fi ń kọ máákírò, ìyẹn àṣẹ tí Excel ń tẹ̀lé fúnra rẹ̀, sí Faransé, Jámánì àti àwọn èdè mìíràn. Nígbà tí Excel 97 dé, wọ́n ti dá a padà sí Gẹ̀ẹ́sì nìkan, bó sì ṣe wà di òní nìyẹn. Àwọn tó ṣe AutoCAD, sọ́fítíwíà tí a fi ń ya àwòrán ilé àti ẹ̀rọ, gba ọ̀nà tó wù mí jù: LINE ni a fi ń fa ìlà ní Gẹ̀ẹ́sì, LIGNE ní Faransé, ṣùgbọ́n bí ẹ bá fi ìlà ìsàlẹ̀ ṣíwájú orúkọ Gẹ̀ẹ́sì, tí ẹ kọ _LINE, AutoCAD èyíkéyìí á gbọ́, èdè yòówù kó wà lójú rẹ̀. Olúkúlùkù ń rí èdè tirẹ̀, orúkọ kan sì wà tí gbogbo wọn jọ ń dáhùn sí.

Àwọn bọ́tìnnì àbùjá pàápàá máa ń yí. Nínú Word Gẹ̀ẹ́sì, Ctrl+B ló ń mú ọ̀rọ̀ nípọn. Nínú ti Faransé, Ctrl+G ni. Ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Faransé bọ́ sí Gẹ̀ẹ́sì á máa tẹ Ctrl+G, àpótí Go To á sì máa ṣí sí i lójú. Ẹ jẹ́ kó mọ̀ ṣáájú pé yóò rí bẹ́ẹ̀ fún ọjọ́ díẹ̀.

Nígbà tí nǹkan bá bàjẹ́

Òṣìṣẹ́ tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe nílò kó mọ ohun tí kọ̀ǹpútà sọ gan-an, kì í ṣe ìtumọ̀ rẹ̀ láti ẹnu ẹlòmíràn. Bí ojú bá wà ní Gẹ̀ẹ́sì, a lè da ọ̀rọ̀ àṣìṣe náà kọ bó ṣe wà ká sì wá a lórí íntánẹ́ẹ̀tì, níbi tí ìrànlọ́wọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì ti pọ̀ ju ti èdè yòókù lọ. Bí kò bá sí ní Gẹ̀ẹ́sì, ẹ wá nọ́mbà tó wà lára rẹ̀. Nọ́mbà kì í yí èdè. 0x80070005 ni Windows ń kọ nígbà tí kò bá gba ẹnìkan láyè láti ṣe nǹkan, ì báà jẹ́ ní Èkó, Àjàṣẹ́ tàbí Berlin. Mo máa ń sọ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ pé kí wọ́n kọ nọ́mbà sílẹ̀ kí wọ́n tó pe ẹnikẹ́ni.

Lórí Linux, a kò tilẹ̀ nílò láti yí èdè odindi kọ̀ǹpútà. Bí ẹ bá kọ LC_ALL=C ṣíwájú àṣẹ kan, èsì àṣẹ yẹn nìkan ló máa jáde ní Gẹ̀ẹ́sì, ohun yòókù á dúró bó ṣe wà. Ohun tí àwọn tó ń kọ sọ́fítíwíà máa ń bẹ̀bẹ̀ fún nìyẹn kí a tó fi ìròyìn àṣìṣe ránṣẹ́ sí wọn.

Ìkìlọ̀ kan fún àwọn tó ń bójú tó kọ̀ǹpútà ilé-iṣẹ́: àwọn orúkọ kan wà tí yíyí ojú kì í dé. Ẹgbẹ́ tó ń jẹ́ Administrators nínú Windows Gẹ̀ẹ́sì ń jẹ́ Administrateurs lórí Windows tí wọ́n fi Faransé gbé kalẹ̀. Bí ẹ bá tilẹ̀ yí ojú rẹ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì lónìí, orúkọ ẹgbẹ́ náà á ṣì wà ní Faransé, àṣẹ tí ẹ kọ pẹ̀lú Administrators á sì kọsẹ̀. Ẹ lo nọ́mbà ìdánimọ̀ rẹ̀, S-1-5-32-544, tó jẹ́ ọ̀kan náà lórí gbogbo Windows.

Bí a ṣe ń yí i

Ọ̀nà kan ò wọjà, ṣùgbọ́n ọ̀nà tí mo máa ń kọ́kọ́ fi hàn ni èyí tí kò nílò kéèyàn lè ka èdè tó wà lójú kọ̀ǹpútà. Ká ní ẹ ra kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀ tó ṣì ń sọ èdè Jámánì. Ẹ tẹ bọ́tìnnì Windows pọ̀ mọ́ R. Àpótí kékeré á ṣí. Ẹ kọ ms-settings:regionlanguage sínú rẹ̀, kí ẹ tẹ Enter. Ojúewé èdè ló máa ṣí tààrà, láì gba inú àkójọ kankan kọjá. Ní ojú Gẹ̀ẹ́sì, Settings, Time & language, Language & region ni ọ̀nà rẹ̀. Ẹ fi English kún àwọn èdè tó wà níbẹ̀, ẹ dúró kó wọlé láti orí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ mú un gẹ́gẹ́ bí èdè ojú Windows, kí ẹ jáde kí ẹ tún wọlé. Kò ní í yí títí ẹ ó fi jáde. Kí ẹ tó kúrò níbẹ̀, ẹ wo ètò agbègbè tó wà lójúewé kan náà bóyá ó ti yí, kí ẹ sì wo kíbọ́ọ̀dù.

Kọ̀ǹpútà kan wà tí kò ní í gbà. Bí orúkọ Windows rẹ̀ bá ní Single Language nínú, èdè ojú kan ṣoṣo ni wọ́n fún un. Ẹ wo èyí kí ẹ tó san owó.

Office ní ètò tirẹ̀ lọ́tọ̀: File, Options, Language. Apá kan níbẹ̀ wà fún èdè ojú, apá kejì wà fún èdè tí a fi ń kọ̀wé àti àyẹ̀wò rẹ̀. Ẹ má ṣe dà wọ́n pọ̀. Nítorí èyí, Windows lè wà ní Faransé kí Office wà ní Gẹ̀ẹ́sì, èyí sì tó fún ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́. SAP, sọ́fítíwíà tí àwọn ilé-iṣẹ́ fi ń bójú tó owó àti ọjà wọn, rọrùn jù: ojú ìwọlé rẹ̀ ní àpótí kékeré tí a ń kọ EN tàbí FR sí, tí a sì lè yí i nígbàkígbà tí a bá ń wọlé. Èdè àkáǹtì Google wà lábẹ́ Personal info, ó sì ń tẹ̀lé yín lọ sórí ẹ̀rọ tí ẹ bá ti wọlé. Ní ti fóònù, iPhone ti gbà láti iOS 13 ní 2019, Android sì gbà láti Android 13 ní 2022, pé kí áàpù kọ̀ọ̀kan ní èdè tirẹ̀. Áàpù ọ́fíìsì á wà ní Gẹ̀ẹ́sì, fóònù yòókù á wà ní èdè tó wu ẹni tó ni ín. Kò sí ìdí tí ilé-iṣẹ́ fi ní láti bá òṣìṣẹ́ dé inú fóònù rẹ̀ ju ìyẹn lọ.

Ta ló yẹ kó pinnu?

Ní 2010, Hiroshi Mikitani, olórí ilé-iṣẹ́ Rakuten ní Japan, kéde pé Gẹ̀ẹ́sì ni ilé-iṣẹ́ òun yóò máa fi ṣiṣẹ́, ó sì fún àwọn òṣìṣẹ́ ní nǹkan bí ọdún méjì láti múra. Ará Japan ni èyí tó pọ̀ jù nínú wọn. Àṣẹ náà kọjá ojú kọ̀ǹpútà. Ó dé ìpàdé, ó dé orí ìwé oúnjẹ ilé oúnjẹ wọn.

Faransé gba ọ̀nà òdìkejì. Òfin ọjọ́ kẹrin oṣù kẹjọ 1994, tí wọ́n ń fi orúkọ mínísítà Jacques Toubon pè, sọ pé ìwé èyíkéyìí tí òṣìṣẹ́ gbọ́dọ̀ mọ̀ kó tó lè ṣe iṣẹ́ rẹ̀ ní láti wà ní èdè Faransé. Ó yọ èyí tó bá ti òkèèrè wá sílẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ GE Medical Systems ní Faransé gbé ọ̀gá wọn lọ sílé ẹjọ́ nítorí sọ́fítíwíà àti ìwé ìlò tó wà ní Gẹ̀ẹ́sì. Ní oṣù kẹta 2006, ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn Versailles dá wọn láre, owó tí ilé-iṣẹ́ náà ní láti san sì jẹ́ 580,000 yúrò. Ní Quebec náà, òfin èdè Faransé ti 1977 tó ti gba àtúnṣe lẹ́yìn náà mẹ́nu ba sọ́fítíwíà gan-an.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ tí ẹ máa di ọ̀gá lọ́jọ́ kan, ẹ fi ẹjọ́ Versailles yẹn sọ́kàn. Èmi gbà pé ó dára kí ojú kọ̀ǹpútà ṣọ̀kan níbi iṣẹ́, ṣùgbọ́n mi ò gbà kí a fi ojú tí òṣìṣẹ́ kò lè kà sílẹ̀ níwájú rẹ̀, pàápàá níbi tí ìkìlọ̀ lórí ẹ̀rọ bá kan ẹ̀mí, bíi ilé ìwòsàn tàbí ibi tí wọ́n ń da irin. Ẹni tó bá ní kí wọ́n yí ojú sí Gẹ̀ẹ́sì gbọ́dọ̀ tẹ ìwé kékeré kan pẹ̀lú rẹ̀ tó sọ, ní èdè tí òṣìṣẹ́ gbọ́, ohun tí bọ́tìnnì kọ̀ọ̀kan tó ń lò ń ṣe. Ojú ìwé kan ti tó. Kò sí ilé-iṣẹ́ tí kò lágbára rẹ̀.

Ipò Yorùbá nínú ọ̀rọ̀ yìí

Ẹ má gbọ́ orí yìí bí ẹni pé ó ní kọ̀ǹpútà kò lè sọ Yorùbá. Microsoft ṣe àpò èdè Yorùbá fún Windows 7, ó sì tún ṣe é fún Windows 10. Orí Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n gbé e lé: ibi tí ìtumọ̀ kò bá dé, Gẹ̀ẹ́sì abẹ́ rẹ̀ á yọjú. Unicode, àjọ tó ń ṣètò bí kọ̀ǹpútà ṣe ń kọ lẹ́tà oríṣiríṣi èdè, ní àkọsílẹ̀ Yorùbá méjì nínú ìlànà rẹ̀, ọ̀kan fún Nàìjíríà, èkejì fún Benin, nítorí àwọn ará Benin ń kọ ɛ àti ɔ níbi tí a ti ń kọ ẹ àti ọ, wọ́n sì ń kọ sh níbi tí a ti ń kọ ṣ. Fóònù tó wà ní Yorùbá nílé, tí ìyá àgbà lè kà fúnra rẹ̀, ohun tó yẹ ká máa jà fún ni.

Níbi iṣẹ́, orúkọ bọ́tìnnì nìkan ni Gẹ̀ẹ́sì gbà. Àǹtí ní Èkó kò ní láti fi Gẹ̀ẹ́sì bá àbúrò rẹ̀ ní Àjàṣẹ́ sọ̀rọ̀. "Lọ sí Data, tẹ Text to Columns, mú Delimited, kí o wá fi àmì sí Comma": gbólóhùn Yorùbá ni, orúkọ bọ́tìnnì ló sì wà nínú rẹ̀, bí orúkọ ìlú ṣe ń wà nínú gbólóhùn ẹni tó ń júwe ọ̀nà. Bí ẹ bá ń kọ ìtọ́sọ́nà iṣẹ́, ẹ kọ ọ́ ní Yorùbá tó já geere, kí ẹ fi orúkọ bọ́tìnnì sílẹ̀ bó ṣe wà lójú kọ̀ǹpútà gan-an, lẹ́tà ńlá fún lẹ́tà ńlá. Ẹ má túmọ̀ rẹ̀, nítorí ẹni tó ń kà á á máa wá ohun tí kò sí lójú kọ̀ǹpútà rẹ̀.

Iṣẹ́ ṣíṣe

1. Ẹ lo ms-settings:regionlanguage láti ṣí ojúewé èdè lórí kọ̀ǹpútà yín. Ẹ kọ èdè ojú, ètò agbègbè àti kíbọ́ọ̀dù tó wà níbẹ̀ sílẹ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ṣé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá ara wọn mu? Ṣé ó yẹ kí wọ́n bá ara wọn mu?

2. Òṣìṣẹ́ kan ní Àjàṣẹ́ ní Office Faransé lórí ètò agbègbè Benin. Ẹ tún fọ́múlà yìí kọ kó lè ṣiṣẹ́ fún un: =IF(C2>1.5,SUM(D2:D9),0). Ẹ tún un kọ lẹ́ẹ̀kejì bí ẹni pé ó ti yí ojú Office sí Gẹ̀ẹ́sì ṣùgbọ́n kò fọwọ́ kan ètò agbègbè.

3. Ẹ yan iṣẹ́ kan tí ẹ máa ń ṣe nínú Word. Ẹ kọ ìtọ́sọ́nà rẹ̀ ní Yorùbá, kó má ju ìlà mẹ́wàá lọ, pẹ̀lú orúkọ bọ́tìnnì ní Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ fún ẹnìkan tí kò ṣe irú iṣẹ́ náà rí, kí ẹ dákẹ́ kí ẹ máa wo ibi tó ti dúró.

4. Ilé ìwòsàn kan fẹ́ yí ojú gbogbo ẹ̀rọ rẹ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì. Ìdajì àwọn nọ́ọ̀sì ibẹ̀ ló kàwé ní Faransé. Ẹ kọ ohun tí ẹ máa béèrè lọ́wọ́ ọ̀gá ilé ìwòsàn náà kí ẹ tó fọwọ́ sí i.